Ọ̀pá Ìbọn Tó Tẹ̀

Ọlábánjí kò kan ilẹ̀kùn. Ó gbé ìbọn ti ara ògiri bí ẹni gbé ìgbálẹ̀ tì, ó yí padà, ó sì ń lọ síbi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí lábẹ́ igi fúrúùtù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀bùnlọlá, rí i láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, níbi tó ti ń fọ ìkòkò. Ó pè é lórúkọ. Àbúrò rẹ̀ gbé ọwọ́ òsì sókè, nítorí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà ní ọ̀tún, Ẹ̀bùnlọlá sì rí báńdéèjì funfun tí wọ́n wé mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó wú bí ẹ̀kọ tútù nínú ewé. Ó ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló há òun lọ́wọ́. Ó ní ìbọn tí Àǹtí ń bèèrè nìyẹn, òun ń kánjú padà sí Àmùwò. Kí Ẹ̀bùnlọlá tó nu ọwọ́ tán, ọkọ̀ ti lọ.

Inú Ẹ̀bùnlọlá kọ́kọ́ dùn. Láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti wọlé ni àṣá ti sọ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ di ọjà. Adìẹ ló ń sìn lẹ́yìn fúláàtì ìsàlẹ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Fẹ́sítáàkì, láti ọdún 1984 tí ìjọba ti ní kí òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ àpapọ̀ ní Ìkòyí máa lọ sílé. Ọdún kẹta nìyí. Àṣá á já wálẹ̀ láti orí òpó iná, á gbé òròmọdìẹ lójú ìyá rẹ̀, á sì gba ọ̀nà irà lọ níhà Abúlé Adó. Ó ti bẹ Ọlábánjí títí pé kó yá òun ní ìbọn bàbá àwọn. Èsì tó máa ń fún un ni pé ìbọn kì í ṣe ohun tí obìnrin ń fi ṣeré.

Ìbọn ẹyẹ ni, irú èyí tí kì í jẹ ẹ̀tù. Èèyàn á di ìdí rẹ̀ mú, á fa ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ títí ìbọn á fi ya ẹnu láàrin, sípíríǹgì inú rẹ̀ á sì fún pọ̀. Á wá fi àtàǹpàkò ki ọta kan tí kò tó hóró ẹ̀wà sí ìdí ọ̀pá náà, á dá ọ̀pá padà sókè kí ìbọn pa ẹnu dé, lẹ́yìn náà ni á tó yìn ín. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta jáde. Bàbá wọn, Olóògbé Ọláníran, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n fún ìjọba, ló rà á wálé láti òkè òkun, Ẹ̀bùnlọlá tó jẹ́ àkọ́bí ni wọ́n sì kọ́ ní ìlò rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, bàbá àti ọmọ á gba irà lọ, bàbá á gbé ọwọ́ lé e léjìká bí apá rẹ̀ bá ń gbọ̀n. Ọlábánjí àbíkẹ́yìn ń bẹ nílé ní tirẹ̀, ó ń fi ìka dí etí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá kú tí ẹbí jókòó pín ẹrù, àbúrò bàbá wọn, Olúgbóyèga, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Alákijà nítorí pé Alákijà ni wọ́n kọ́lé sí, sọ pé obìnrin kì í jogún ìbọn. Wọ́n gbé ìbọn fún Ọlábánjí. Wọ́n gbé aago ògiri fún Ẹ̀bùnlọlá, aago tí kò tilẹ̀ rìn. Olúṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò la ẹnu. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní ọ̀rọ̀ ìdílé wọn ni, pé àna tó bá dá sí ogún, ẹ̀tẹ́ ló ń wá.

Nítorí náà, nígbà tó gbé ìbọn wọlé, tó tú u kúrò nínú àpò, ó kọ́kọ́ fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìdí rẹ̀. Ó fa ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀. Irin ha irin. Ó dá a padà, kò pa ẹnu dé dáadáa. Ó gbé e sójú, ó dijú kan, ó wo gígùn rẹ̀. Ọ̀pá náà ti tẹ̀ sókè bí ọrùn lékeléke tó ń wojú ọ̀run.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan wà tí bàbá wọn kì í fi ṣeré: bí ìbọn bá ya ẹnu, ìka kò gbọdọ̀ dé ibi tí wọ́n fi ń yìn ín. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ibẹ̀, sípíríǹgì á ju ọ̀pá náà padà sókè bí ẹṣin tó ta ìpá. Irin á tẹ̀. Ọwọ́ tó bá sì ń ki ọta lọ́wọ́ á há sáàrin. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló jẹ àtàǹpàkò Ọlábánjí.

Ó bínú, ṣùgbọ́n ìbínú ọjọ́ náà ṣì kéré. Bí Ọlábánjí bá wọlé tó ní, "Àǹtí, mo ti bà á jẹ́," ìbá bú u dáadáa, ìbá sì bu ìrẹsì fún un kó tó lọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Olúṣẹ̀yẹ lálẹ́. Ó ní òun á dúró kí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó Bàbá Alákijà fà á lápá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbani nímọ̀ràn. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò pe ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn, tó fi lọ ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ògiri. Wọ́n ní ó dun àwọn. Ọlábánjí ti rò fún gbogbo ẹbí bí àánú ẹ̀gbọ́n òun ṣe ṣe òun nítorí àṣá, tí òun gbé ìbọn bàbá àwọn lọ fún un, tí kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ tó fi bà á jẹ́. Wọ́n ní ó sunkún lójú àwọn. Wọ́n ní àwọn ti bá Ẹ̀bùnlọlá bẹ̀ ẹ́, kó má bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kún Ẹ̀bùnlọlá lẹ́nu débi pé kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ tu. Ohun tó jáde kò ju "Ẹ ṣé, mà" lọ. Kò dúró de ọkọ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé nínú oòrùn pẹ̀lú bàtà gogoro, àwọn aládùúgbò ń kí i, kò dáhùn. Ó wá yé e ìdí tí ọmọ tó ń fi ìbọn du òun láti ọjọ́ yìí fi dédé wá di ọlọ́rẹ. Kì í ṣe ìbọn ló gbé wá, ẹ̀bi ló gbé wá. Ó wá ẹni tí yóò gbé e lé lọ́wọ́, kí ọwọ́ náà lè jẹ́ ọwọ́ tó bà á jẹ́.

Nígbà tí Olúṣẹ̀yẹ dé, ó bá a tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀ láìtíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Fọláyan, ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ àbúrò ni."

"Sùúrù tí ẹ ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n pín ẹrù, kí ló bí?"

Olúṣẹ̀yẹ tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ bọ́ aṣọ. Ẹ̀bùnlọlá dúró lójú kan, ó ń wo ilẹ̀kùn tó tì sẹ́yìn, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìbínú òun sí ọkùnrin tó ń parọ́ àti ìbínú òun sí ọkùnrin tó ń dákẹ́, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń hó.

Ìgbà náà ló pinnu pé òun á tún ìbọn náà ṣe. Kò fẹ́ fi bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè sọ láéláé pé ọwọ́ òun ni ohun ìní bàbá òun kú sí. Ọ̀pá tó ti tẹ̀ báyẹn kò ṣeé nà. Bí èèyàn bá tilẹ̀ nà án, ọta kò ní gba ibi tí wọ́n rán an. Ọ̀pá mìíràn ló kù. Tuntun kò sì sí lọ́jà mọ́ láti ìgbà tí náírà ti wọlẹ̀, àwọn tó ń kó o wọ̀lú ti jáwọ́.

Ó wá rántí Àmúsà. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni Àmúsà nígbà ayé wọn, awakọ̀ ni, Abúlé Adó ni wọ́n ń gbé, bàbá rẹ̀ ló sì bá wọn ra ìbọn tó bá tirẹ̀ dọ́gba, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa lọ sí irà. Àmúsà náà ti kú. Ìyàwó wọn, Sìlífátù, ló kù nílé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹ̀bùnlọlá di ìrẹsì àti ẹyin sínú báàgì, ó wọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù lójú ọ̀nà oníyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù epo.

Ìyá arúgbó náà dá a mọ̀ kó tó dárúkọ. Wọ́n mú un jókòó, wọ́n ní kó sọ ohun tó gbé e jáde. Ó rò ó látòkèdélẹ̀, bó sì ṣe ń rò ó ni ohùn rẹ̀ ń le, tó fi jẹ́ pé nígbà tó dé ibi tí Ọlábánjí ti sunkún, ohun tó ń ṣe kò jọ ìtàn mọ́, ó jọ ìjà. Màmá Sìlífátù kò dá a lẹ́kun. Wọ́n kàn ń mi orí. Nígbà tó parí, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì fa ohun kan jáde lábẹ́ ibùsùn, tí wọ́n fi ìró wé.

Ikán ti jẹ igi ìdí ìbọn náà. Bí wọ́n ṣe tú ìró, ìyẹ̀pẹ̀ ikán dà sílẹ̀, igi náà sì ń ya bí àkàrà gbígbẹ. Ṣùgbọ́n irin rẹ̀ wà níbẹ̀, ó dúró gbọnrangandan.

Màmá Sìlífátù ní, "Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá ìbọn yìí wá. Wọ́n ní obìnrin ni mí. Mo ní mi ò mọ ibi tó wà. Mo ní ó sàn kí ikán jẹ ẹ́ ju kí n fà á lé wọn lọ́wọ́." Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá ìyẹ̀pẹ̀ ikán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mú irin náà lọ, ọmọ mi. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fi dù wọ́n ni mo fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Ẹ̀bùnlọlá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ síbẹ̀. Ó ru ìbọn olóògbé náà wálé nínú ìró, gẹ́gẹ́ bí ẹni pọn ọmọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ti da kẹrosíìnì sí ojú gbogbo bóòtù ìbọn Àmúsà kí ìpẹtà lè rọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó kó àwo kúrò lórí tábìlì ìjẹun, ó tẹ́ ìwé ìròyìn, ó gbé àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀ Olúṣẹ̀yẹ síbẹ̀ láìtọrọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò.

Èyí tó jẹ́ ti Àmúsà rọrùn. Igi ti jẹrà tán, kò sí ohun tó di irin mú. Ó yọ bóòtù ńlá tó so ọ̀pá mọ́ ara ìbọn, ọ̀pá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ti sípíríǹgì sẹ́yìn. Ó so àkísà mọ́ okùn, ó rẹ ẹ́ sínú epo màsíìnì, ó fà á gba inú ọ̀pá náà kọjá léraléra títí àkísà fi ń jáde láìní dúdú. Ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó wo inú rẹ̀. Àwọn ìlà inú rẹ̀ ń dán, wọ́n ń yí lọ bí ìkarahun ìgbín. Fún ìgbà díẹ̀, ọkàn rẹ̀ rọ̀.

Ti bàbá rẹ̀ ni kò gbọ́ràn. Síkúrúù tó so igi mọ́ irin tú wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bóòtù ńlá náà ti wọ́ nígbà tí ọ̀pá ta padà, kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Ó ti sípánà bọ̀ ọ́, sípánà yọ̀. Ó mú òòlù. Bó ṣe ń lù ú, kì í ṣe bóòtù ló ń rí mọ́. Ó ń rí Ọlábánjí ní pálọ̀ Bàbá Alákijà, tó ń fi aṣọ ìnujú nu ojú, tí àwọn àgbà ń ní kó pẹ̀lẹ́. Ó ń rí aago ògiri tí kò rìn. Ó ń rí ọ̀gá tó pè é wọlé ní Ìkòyí, tí kò tilẹ̀ gbé ojú sókè nígbà tó ń sọ fún un pé kó má padà wá lọ́la. Ó lu bóòtù, ó tún lù ú, òòlù yọ̀, ó bó o ní oríkèé ìka. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ìwé ìròyìn. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ náà, bóòtù sì jáde.

Ó fa ọ̀pá tó tẹ̀ náà yọ pẹ̀lú agbára. Kò rántí irin ṣóńṣó kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, èyí tí sípíríǹgì bíńtín ń tì kí ìbọn lè pa ẹnu dé. Ọ̀pá Àmúsà kò ní tirẹ̀ mọ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Èyí nìkan ló wà. Irin náà fò jáde bí ìrẹ̀, ó gbá ògiri, ó kọjá sẹ́yìn fíríìjì.

Ẹ̀bùnlọlá gbé òòlù sílẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó gbé orí lé ọwọ́, ó sì sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Ẹkún ẹni tí ìbínú rẹ̀ kò ríbi jáde ni, tó wá gba ojú.

Rédíò dákẹ́ ní pálọ̀. Olúṣẹ̀yẹ wọlé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Ó wo tábìlì, ó wo ìka ìyàwó rẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀, ó dojú bolẹ̀ gbalaja síwájú fíríìjì, ó ti apá bọ abẹ́ rẹ̀ dé èjìká. Eruku jáde, èèpo ẹ̀pà jáde, ọmọrí ìgò jáde. Lẹ́yìn èyí ni sípíríǹgì jáde, àti irin náà. Ó nù ún mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Níbo ni kí n ti bá ọ dì í mú?"

Ẹ̀bùnlọlá fẹ́ sọ fún un pé ó ti pẹ́ tó yẹ kó bèèrè bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó fi hàn án ibi tí yóò dì mú, ó ní kó má jẹ́ kó mì, ó sì ti sípíríǹgì àti irin náà bọ ìdí ọ̀pá Àmúsà.

Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe èyí tó kù. Awọ tó ń dí afẹ́fẹ́ ní ìdí ọ̀pá Àmúsà ti gbẹ kankan, Ẹ̀bùnlọlá sì gé òmíràn lára ahọ́n bàtà àtijọ́ kan, ó rẹ ẹ́ sínú epo. Ó fi gíríìsì lẹ wọ́ṣà méjì, irin pẹlẹbẹ tó ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, mọ́ àyè wọn kí wọ́n má baà já bọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ní láti wọ ihò rẹ̀ lábẹ́ ìbọn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, kò ní wọlé. Ó yẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ títí òógùn fi bo Olúṣẹ̀yẹ lójú. Nígbà tó wọlé, ó dún "kọ́" bí ẹni pa eyín dé. Wọ́n ti bóòtù bọ̀ ọ́, wọ́n fún un, wọ́n dá ìbọn padà sínú igi rẹ̀.

Ẹ̀bùnlọlá gbé agolo mílíìkì sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, ó kó àwọn adìẹ wọlé, ó sì rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú. Ọta àkọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀. Ó yí irin tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọta máa lọ díẹ̀. Èkejì ha etí agolo. Ẹ̀kẹta lù ú láàrin gbùngbùn, agolo sì yí gbirigbiri lọ bá ògiri. Olúṣẹ̀yẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀bùnlọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ihò tó wà lára agolo náà.

Ayọ̀ Olúṣẹ̀yẹ ló tú ọ̀rọ̀ síta. Ó pàdé Bàbá Alákijà níbi tí wọ́n ti ń ra epo ní Máìlì Tú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rò fún wọn bí ìyàwó òun ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ọ̀pá ìbọn. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá Alákijà kan ilẹ̀kùn, Ọlábánjí sì wà lẹ́yìn wọn. Báńdéèjì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bùnlọlá kúnlẹ̀ kí àbúrò bàbá rẹ̀. Ó gbé omi wá. Bàbá Alákijà mu omi, wọ́n yìn ín, wọ́n ní ọmọ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́. Wọ́n wá ní níwọ̀n ìgbà tí nǹkan ti padà bọ̀ sípò, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kó gbé ìbọn fún Ọlábánjí tí ogún kàn, bí àṣá bá sì tún yọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ náà á wá bá a yìn ín.

Ọlábánjí tẹ orí ba. Ó ní, "Ní tèmi, mo ti dárí jì yín, Àǹtí."

Olúṣẹ̀yẹ gbé ojú sókè wo ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ojú obìnrin náà ti le bí irin. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùnlọlá kò pariwo. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ọ̀pá tó tẹ̀ náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú Bàbá Alákijà.

Ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá. Wọ́n ní mo fi gbá ògiri. Ẹ wá ojú àpá ògiri lára rẹ̀." Ó dúró kí wọ́n wá a. "Kò sí. Ọ̀nà kan péré ni irin yìí fi ń tẹ̀ sókè báyìí: kí ẹni tó ya ìbọn lẹ́nu fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi ń yìn ín. Bó bá sì ń ki ọta lọ́wọ́, á jẹ ẹ́ ní àtàǹpàkò. Ọlábánjí, na ọwọ́ òsì rẹ fún bàbá."

Ọlábánjí ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni.

"Mo ní na ọwọ́ rẹ."

Bàbá Alákijà yíjú sí i. Wọ́n na ọwọ́ tiwọn, wọ́n dúró. Ọlábánjí nawọ́. Èékánná rẹ̀ ti dúdú, ó ti fẹ́ ṣí, àpá irin roboto sì wà lára àtàǹpàkò náà. Àgbà ọkùnrin náà gbé ìdí ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bá a mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu. Wọ́n sọ ọwọ́ náà sílẹ̀.

Ọlábánjí fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn. Ó ní òun kó àwọn ọ̀rẹ́ òun wálé, òun ń fi hàn wọ́n bí bàbá òun ṣe ń yìn ín. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, mo ti bà á jẹ́."

"Ẹ̀rù bà ọ́," Ẹ̀bùnlọlá ní, "o wá di ẹrù náà, o gbé e kà mí lórí. O sunkún lé e lórí kó lè wúwo. Mo ń rìn jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó bí mi lọ́mọ ń wò mí bí apanirun. O sì jókòó sínú ilé mi lónìí, o ń dárí jì mí."

Bàbá Alákijà wúkọ́. Wọ́n ní òtítọ́ ti hàn, Ọlábánjí kò ṣe é re, kó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, ọ̀rọ̀ ìbọn ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ohun tí ẹbí ti pín kò ṣeé tún pín.

"Bàbá, èyí tí ẹ pín nìyí." Ẹ̀bùnlọlá ti ọ̀pá tó tẹ̀ náà síwájú wọn. "Kó gbé e lọ. Èyí tó wà nínú yàrá mi, opó Àmúsà ló fún mi ní ọ̀pá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ló sì wà lára bóòtù rẹ̀. Kò sí ọkùnrin tó máa gbé e jáde níbí. Gbogbo ẹni tó sì rò ó fún pé mo bà á jẹ́, kó padà lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ ẹni tó bà á jẹ́."

Bàbá Alákijà ní ìyẹn ti pọ̀ jù, ẹ̀tẹ́ ni fún ọmọkùnrin.

Olúṣẹ̀yẹ ló dá wọn lóhùn. Ó fà síwájú lórí àga, ó kí wọn ní ìkíni àna. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀tẹ́ náà ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ìyàwó mi ló ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí olóhun gba ohun rẹ̀. Ìbọn ò ní jáde."

Bàbá Alákijà ti ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n dìde, wọ́n gbé fìlà dé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ọlábánjí kò gbé ọ̀pá tó tẹ̀ náà. Ó tẹ̀lé bàbá jáde láìkí ẹnikẹ́ni.

Ọlábánjí lọ bá wọn, ó sọ ọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ òtítọ́. Ó sọ fún ìyàwó Bàbá Alákijà pé àṣìṣe díẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sọ fún àwọn yòókù pé ọ̀rọ̀ òun àti Àǹtí ti yanjú. Bàbá Alákijà fúnra wọn ni wọ́n là á mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹbí pàdé, wọ́n ní Ọlábánjí ló ba ìbọn jẹ́ tó sì parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì yára bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀bùnlọlá wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó rò pé ara òun á fúyẹ́, kò fúyẹ́ tó bó ṣe rò.

Àṣá padà wá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán. Ẹ̀bùnlọlá yìn ín, ó ṣì í, ìyẹ́ méjì ló já bọ́ sórí pákó ilé adìẹ. Láti ìgbà náà, orí òpó iná tó wà lójú títì ni ẹyẹ náà ń bà sí, kì í súnmọ́ tòsí mọ́.

Oṣù gorí oṣù kí Ẹ̀bùnlọlá tó tún tẹ ilé Ọlábánjí ní Àmùwò. Nígbà ọdún Àjíǹde, ìyàwó ọmọ náà wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá àwọn jẹun, Ẹ̀bùnlọlá kò sì bá obìnrin náà jà rí. Ó lọ. Ó jókòó sídìí tábìlì wọn, Olúṣẹ̀yẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlábánjí fúnra rẹ̀ ló bu oúnjẹ fún un, ó ki ẹran púpọ̀ sí i, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ẹ̀bùnlọlá jẹ ìdajì, ó fọwọ́ ti àwo síwájú, ó ní ó dùn. Ó jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ rí i pé òun kò jẹ ẹ́ tán.